Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń múra àtiwọ yunifásítì, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wọlé ṣùgbọ́n tí ọkàn yín kò tíì balẹ̀ sórí ohun tí wọ́n ní kí ẹ kà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn. Lọ́dọọdún, bí èsì JAMB bá ti jáde, awuyewuye á bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Bàbá á ní dókítà lọmọ òun máa dà. Ìyá á ní bí ti dókítà ò bá bọ́ sí i, kó ṣe lọ́yà tàbí ẹnjiníà. Bí ọmọ bá wá fẹnu ba ìtàn, tàbí èdè Yorùbá, tàbí ìmọ̀ nípa ewéko, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́?" Bí ẹ bá sì dé ọgbà ilé ìwé tán, ẹ̀yin náà á tún máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ara yín. Ẹni tó wà ní sáyẹ́ǹsì á ní àlọ́ lásán ni àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìtàn ń pa. Ẹni tó ń ka lítíréṣọ̀ á ní àwọn onímọ̀ ìṣirò kò mọ ohun tó ń lọ láyé.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ló pọ̀. Kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ kan tó lè dá òtítọ́ wá rí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ rí. Ẹ má ṣe fi ọ̀nà tí ẹlòmíràn ń gbà ṣẹ̀sín, ẹ má sì tìtorí pé èrò pọ̀ lójú ọ̀nà kan kí ẹ wá pa ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín tì. Kí ẹ má baà rò pé òwe lásán ni àgbà ń pa, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí àwọn tó ṣáájú yín ti ṣe nínú àwọn yunifásítì wa, ká sì wo bí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ti yàtọ̀ síra tó.

Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Láyé ìgbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní ìtàn Áfríkà kò ju ìtàn ohun tí òyìnbó wá ṣe ní Áfríkà lọ. Èrò wọn ni pé ibi tí kò bá ti sí ìwé, kò lè sí ìtàn. Òpìtàn Kenneth Onwuka Dike kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1956, lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹsẹ̀ odò Ọya láàárín 1830 sí 1885, lo ìwé àwọn oníṣòwò àti ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún lo ohun tí àwọn àgbà ilẹ̀ náà gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wọn. Ó fi ẹ̀rí kan yẹ èkejì wò. Òun kan náà ló sapá tí orílẹ̀-èdè yìí fi ní ilé tí a ń kó àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ pamọ́ sí, èyí tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn títí dòní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sàbúrì Bíòbákú gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1957, lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn. Nígbà tó sì di 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ̀wé láti fi hàn bí oríkì ṣe lè jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn.

Ẹ rò ó wò ná. Oríkì tí ìyá àgbà ń fi jí ọmọ láàárọ̀ di ohun tí ọ̀mọ̀wé ń gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìwádìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé òpìtàn á kàn gbọ́ oríkì kó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Oríkì ń yin ni, bó bá sì fẹnu kan àbùkù, ó ní bó ṣe ń fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Nítorí náà òpìtàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ilé yìí, kó gbọ́ ti ilé tó bá wọn jagun, kó wo ohun tí àjòjì tó kọjá níbẹ̀ kọ sílẹ̀, kó tó sọ pé báyìí lọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àlọ́, kò tíì ṣe é rí ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìṣègùn. Ní 1954, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi láyé ṣì ń ti àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé mọ́lé, Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta. Kò jẹ́ kí gbogbo aláìsàn máa gbé inú ọsibítù. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó wà nítòsí, lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí tó ń tọ́jú wọn. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sábúlé, wọ́n á lọ́wọ́ sí iṣẹ́ oko. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, torí wọ́n mọ èdè àti èrò àwọn aláìsàn náà ju dókítà tó kàwé nílùú òyìnbó lọ. Ìmọ̀ ìṣègùn ni Lámbò kà, ṣùgbọ́n ohun tó mú ètò rẹ̀ yàtọ̀ ni pé ó mọ bí Yorùbá ṣe ń gbé pọ̀: ẹbí kì í fi aláìsàn sílẹ̀ fún àjòjì. Ìmọ̀ nípa àwùjọ ló fi la ọ̀nà fún oògùn.

Ní ẹ̀ka jọ́gíráfì, Akin Mábògùnjẹ́ wo àwọn ìlú wa, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde, Òṣogbo, ó sì kọ̀ láti gbà pé òyìnbó ló kó ìlú ńlá wá bá wa. Ìwé rẹ̀ lórí bí ìlú ṣe ń dàgbà ní Nàìjíríà jáde ní 1968. Nígbà tó di 1980, òun ni ọmọ Áfríkà àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé jọ́gíráfì kò ju kí èèyàn mọ orúkọ odò àti òkè lọ, ẹ lọ ka Mábògùnjẹ́.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti hàn jùlọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun jẹ́ dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ara ní Ìbàdàn. Láti 1992, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àrùn tó ń mú kí àgbà máa ṣarán. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó pọ̀ láàárín àwa Yorùbá tó bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn Áfríkà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti lọ. Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n lọ, láàárín àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro kìn-ín-ní ti dé. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan ti pé ọmọ ọdún 65 nígbà tí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀? Dókítà kò ní ẹ̀rọ kankan tó lè sọ ọ́. Ìmọ̀ ìtàn ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Àkójọ kan ti wà láti 1963, tí wọ́n ń fi orúkọ Ajayi àti Igun pè, tó to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ìgbà àtijọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí ìyá àgbà bá rántí nípa irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọdún rẹ̀: ṣé wọ́n ti bí i nígbà náà, ṣé ó ti tó ọmọ tó ń kiri ọjà, ṣé ó ti lọ sílé ọkọ? Ọ̀ṣúntókun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Adéṣọlá Ògúnníyì, kò sì kàn gba àkójọ yẹn gbọ́. Wọ́n dán an wò bóyá ó ṣeé gbára lé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993. Iṣẹ́ àwọn tó mọ ìtàn, ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, ló di irinṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà.

Ìṣòro kejì tún wà níbẹ̀. Àwọn ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra nílùú òyìnbó, àwọn tó lọ sílé ìwé ni wọ́n ṣe é fún. Kàwé, kọ̀wé, ya àwòrán yìí. Bí ìyá àgbà tí kò wọ ilé ìwé rí bá kùnà nínú rẹ̀, ṣé àìsàn ni? Nítorí náà ìlànà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn Cree, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Kánádà, tí wọ́n wá tún ṣe kó bá èdè àti ìgbé ayé Yorùbá mu. Wọ́n á bá àgbà náà sọ̀rọ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó lè dárúkọ nǹkan tí wọ́n fi hàn án, bóyá ó rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó fi sọ́kàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi ẹni tí wọ́n jọ ń gbé léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, bóyá ó ń gbàgbé ibi tó fi nǹkan sí, bóyá ọ̀nà ilé ń pòòrá mọ́ ọn lójú. Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ èdè kò lè jókòó sílé nínú irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n bá túmọ̀ ní ìtumọ̀kítumọ̀ lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn.

Ní 2001 ni àbájáde náà jáde. Àwọn 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, tí kò sí àrùn náà lára wọn níbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tọpasẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, iye àwọn tí àrùn ìṣarán ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po méjì lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wo oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ohun àbímọ́ láti mọ ohun tó fà á. Ọ̀ṣúntókun ti papòdà ní 1995, kò fojú rí àbájáde yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró. Ẹ kà á wò fúnra yín: dókítà, òpìtàn, onímọ̀ èdè, onímọ̀ ìṣirò tó ń ṣe ìṣirò àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn, àti àwọn ará Ìdíkàn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ yọ kúrò tí iṣẹ́ náà á ṣì dúró?

Ní ti èdè, a kò lè gbàgbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tó kọ gírámà Yorùbá jáde ní 1966, tó sì ti kọ ìwé lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ èdè wa sílẹ̀ ní 1965. Bí àmì ohùn ṣe yẹ kó wà lórí ọ̀rọ̀, irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó jókòó rò ó. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní 1970, Aliu Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn létí: bí a bá fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ Yorùbá ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì fi olùkọ́ tó mọṣẹ́ kọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ti ń kọ́, tó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bọ́ sí ní ìdajì ọ̀nà, kí wọ́n lè fi wéra.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan. Wọ́n ní láti wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí kò ní orúkọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní láti kọ ìwé tí kò sí rárá, wọ́n sì ní láti dúró kí àwọn ọmọ náà dàgbà. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn nípa ìwádìí lórí ẹ̀kọ́: ọmọ kì í ti kíláàsì kìn-ín-ní fò dé kíláàsì kẹfà nítorí pé olùwádìí ń kánjú. Nígbà tí èsì dé, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn òbí ń bẹ̀rù rẹ̀. Títí dòní, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn láyé lórí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ, wọ́n á dárúkọ Ifẹ̀.

Ní Ifẹ̀ yẹn kan náà, ní ẹ̀ka àwọn apoògùn, Abáyọ̀mí Ṣófowóra gbé orín àta lé orí tábìlì àyẹ̀wò. Orín tí àwọn baba wa fi ń fọ ẹnu láàárọ̀ ni. Ní 1971, òun àti onímọ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi tí wọ́n yọ láti ara gbòǹgbò igi náà lè dá sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS padà sí bó ṣe yẹ kó rí, lẹ́yìn tó ti tẹ̀ bí dòjé. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: nínú ìgò àyẹ̀wò ni. Láti inú ìgò dé inú ara èèyàn, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ó di dandan kí ẹnì kan mọ èròjà wo gan-an ló ń ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan mọ bó ti pọ̀ tó tí kò fi ní pani lára, kí wọ́n tó máa fún aláìsàn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi ìwé ìwádìí kan ṣoṣo polówó àgbo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í léèrè ibi tí ìwádìí rẹ̀ dé dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń rí ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò tí dígí aláràbarà lẹ̀ mọ́ nínú ilẹ̀. Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, débẹ̀ ní 1910. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé dígí láti ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ ń rà, tí wọ́n sì ń yọ́ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ta ni yóò já a? Òpìtàn nìkan kò lè já a, torí ìtàn àtẹnudẹ́nu kò sọ èròjà tó wà nínú dígí. Onímọ̀ kẹ́mísírì nìkan kò lè já a, torí kò mọ ibi tí yóò ti wa ilẹ̀, kò sì mọ ìdí tí ìlẹ̀kẹ̀ fi ṣe pàtàkì fún adé ọba.

Akin Ìgè, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kẹ́mísírì hàn, ní 2006, pé dígí Ifẹ̀ ní àkópọ̀ èròjà tirẹ̀ tí kò bá ti òkèèrè mu. Lẹ́yìn náà, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá wa ilẹ̀ Igbó Olókun, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí, àti ìdọ̀tí dígí tó kù nílẹ̀. Wọ́n gbé díẹ̀ nínú wọn lọ sí láàbù, wọ́n fi ìtànṣán lésà tọ́ ara ìlẹ̀kẹ̀ náà níbi tó kéré débi pé ojú kò lè rí àpá rẹ̀, ẹ̀rọ sì ka àwọn èròjà inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe dígí fúnra wọn, láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ọ̀hún. Irú dígí yìí ti dé Gao, lẹ́bàá odò Ọya ní ilẹ̀ Màlì. Ẹ̀yin ọmọ, ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn baba ńlá wa ní iná tó gbóná tó, wọ́n ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ tó, kí òyìnbó kankan tó fẹsẹ̀ tẹ etíkun wa. A kì bá tí mọ̀ bí awalẹ̀pìtàn àti onímọ̀ kẹ́mísírì bá kọ̀ láti bá ara wọn jókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Thurstan Shaw, tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló wa ilẹ̀ rẹ̀ ní 1965, tó sì rí egungun èèyàn. Ìmọ̀ físíìsì ló sọ fún wa pé egungun náà ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún. Ní 2011, àwọn onímọ̀ nípa ara èèyàn tún gbé agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ó lé ní ogójì ọdún tí egungun náà ti jáde nílẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀ tuntun yìí. Ohun tí a bá tọ́jú pamọ́ lónìí ni ọmọ ọ̀la yóò fi béèrè ìbéèrè tí a kò mọ̀ ọ́n béèrè.

Ìwádìí mìíràn sì wà tí kò lè dúró di ọ̀la. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, 2020, wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Christian Happi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Redeemer's University, ní Ẹdẹ, ti bá àwọn onímọ̀ mìíràn lórílẹ̀-èdè yìí ka gbogbo ohun àbímọ́ kòkòrò àrùn náà látòkèdélẹ̀, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Irú rẹ̀ kò tíì jáde láti Áfríkà rí nígbà náà. Ìlú Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nílé wa níbí, ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ wá rí i pé àkókò pàápàá yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Iṣẹ́ Ẹdẹ gba ọjọ́ díẹ̀, ti Mọdákẹ́kẹ́ gba ọ̀pọ̀ ọdún, ti Ihò Eléérú sì ju ogójì ọdún lọ. Ẹ̀rí náà yàtọ̀. Nígbà tí Chike Obi, Adégòkè Olúbùmmọ̀ àti James Ezeilo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò láàárín 1950 sí 1959, wọn kò wa ilẹ̀, wọn kò sì gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìwé àti kálàmù ti tó wọn, ṣùgbọ́n ohun tí onímọ̀ ìṣirò bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, ìgbà kì í yẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe ní kí akéwì mú nọ́ńbà wá kí ẹ tó gbà pé iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ má sì ṣe ní kí dókítà gba oògùn gbọ́ nítorí pé ìtàn rẹ̀ dùn létí. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni òótọ́: kí o sọ ibi tí o ti rí ohun tí o sọ, kí ẹlòmíràn lè gba ọ̀nà yẹn lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún yín kò ju mẹ́rin lọ.

Ìkíní, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè ṣáájú orúkọ ẹ̀ka. Kí ẹ tó sọ pé ohun báyìí lẹ fẹ́ kà, ẹ bi ara yín pé kí lẹ fẹ́ mọ̀. Ọmọ tó bá ń ṣe kàyéfì nípa ìdí tí odò àdúgbò rẹ̀ fi pọ̀n lè lọ sí kẹ́mísírì, ó lè lọ sí jọ́gíráfì, ó lè lọ sí òfin. Èyíkéyìí tó bá yàn, kò ní ṣáko, torí ó mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó yan ẹ̀ka nítorí orúkọ ńlá ló sábà máa ń dé ọdún kẹta tí kò mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

Ìkejì, nígbà tí àkókò àtikọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá yín bá tó, tí ẹ̀ ń pè ní prójẹ́ẹ̀tì, ẹ má lọ ra èyí tí ẹlòmíràn ti kọ, ẹ má sì jókòó sínú yàrá kí ẹ máa fọwọ́ ara yín fi àmì sí ìwé ìbéèrè tó yẹ kí ọgọ́rùn-ún èèyàn dáhùn. Irọ́ ni, irọ́ inú ìwádìí sì burú ju irọ́ ẹnu lọ, torí ẹlòmíràn á kọ́ ilé lé e lórí. Iṣẹ́ kékeré tó jẹ́ òótọ́, tí ẹ ṣe ní ọjà tó wà nítòsí yín tàbí ní oko bàbá yín, ó níyì ju iṣẹ́ ńlá tí ẹ jí gbé lọ.

Ìkẹta, ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ẹ bá lọ bi ní ìbéèrè. Ẹ kí wọn bó ti yẹ ká kí àgbà. Ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe àti ohun tí ẹ máa fi ìdáhùn wọn ṣe, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Tí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ padà lọ sọ àbájáde rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá tó yé wọn. Àwọn tó fún wa ní ìtàn, ẹ̀jẹ̀ àti àkókò wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ni ìmọ̀ náà, kí ìwé ìròyìn òkèèrè tó ni í.

Ìkẹrin, ẹ yan ọ̀rẹ́ láti ẹ̀ka mìíràn. Ẹ lọ jókòó sí kíláàsì tí kì í ṣe tiyín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rẹ́ yín tó ń kọ́ ìmọ̀ ewéko bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má fi fóònù ṣeré. Ẹ bi í léèrè bó ṣe mọ ohun tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tí mo kà fún yín, ibi tí ẹ̀ka kan ti pàdé èkejì ni wọ́n ti hù.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀ ń ka èyí, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín bẹ̀rù fún ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé gbogbo ọmọ Yorùbá ló di dókítà, ta ni yóò wa ilẹ̀ Igbó Olókun? Ta ni yóò kọ gírámà? Ta ni yóò sọ fún dókítà pé ìyá tó jókòó níwájú rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún 65? Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ òòjọ́, ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ kí ẹ tó pa á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ń gba ìdọ̀tí àwọn tó ń wa góòlù, onímọ̀ omi, amòfin àti òpìtàn ni yóò jọ gbà á là. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ìlú kéékèèké ń kú lọ pẹ̀lú àwọn àgbà tó ń sọ ọ́, kálukú wọn sì nílò ọmọ kan tó máa gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá wọn lọ́dún yìí, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ nílé àwọn ìdílé ńlá ń bẹ lọ́wọ́ ikán. Kí Elédùmarè fún yín ní ìlera, kó fún yín ní sùúrù, kó sì fi yín sọ́wọ́ olùkọ́ rere. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀.